Ògì Màámi àti Amọ̀ Òkè-Afá

Yẹ̀pẹ̀ típà mẹ́ta la rà. Lẹ́yìn òjò ọdún 2019, nígbà tí omi kánáàlì wọ ọgbà Màámi ní Òkè-Afá l'Ékòó dé orúnkún, èmi àti àwọn àbúrò mi dáwó jọ láti gbé ilẹ̀ ọgbà náà sókè. Ẹni tó ta yẹ̀pẹ̀ fún wa búra pé yanrìn ni. Ó bù ú sọ́wọ́, ó jẹ́ kó máa já bọ́ láàárín ìka rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ wò ó dáadáa, ṣé amọ̀ lẹ rí yìí?" Lóòótọ́ ni kò jọ amọ̀. Ó pọ́n díẹ̀, ó gbẹ, ó sì ń dún ṣàràṣàrà lọ́wọ́. A ní kó dà á sílẹ̀. A tẹ̀ ẹ́, a da kọnkéré lé e lórí. Kò tíì pé ọdún méjì tí kọnkéré náà fi sán, láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná títí dé ibi tí Màámi máa ń to àwọn bàsíà ògì rẹ̀ sí. Bí òjò bá rọ̀, tí èèyàn tẹsẹ̀ mọ́ etí ibi tó sán, omi pupa á rú jáde.

Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ, nítorí yẹ̀pẹ̀ niṣẹ́ mi. Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínlógún, níbi tí àwọn tó fẹ́ kọ́lé tàbí tó fẹ́ ṣe títì ti ń kó yẹ̀pẹ̀ wá kí a bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ará àdúgbò mọ̀ mí sí Àǹtí Oníyẹ̀pẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni pé ojú kì í mọ yẹ̀pẹ̀, ọwọ́ pàápàá kì í mọ̀ ọ́n tán. Ṣùgbọ́n òjò tún ń bọ̀, owó ò pọ̀, ara Màámi ò balẹ̀. Mo fi ojú wò ó, mo sanwó. Lọ́jọ́ tí mo rí omi pupa yẹn, mo fi ṣíbí wa yẹ̀pẹ̀ láti abẹ́ kọnkéré tó sán, mo rọ ọ́ sínú agolo mílíìkì, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́.

Kí n tó sọ ohun tí mo bá nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí à ń wá. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní yẹ̀pẹ̀, àpapọ̀ hóró oríṣiríṣi ni. Yanrìn ló tóbi nínú wọn: láti mìlímítà 2 wálẹ̀ títí dé ibi tí ojú ò ti fẹ́ẹ̀ lè ya hóró kan sọ́tọ̀ mọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e là ń pè ní sílìtì. Ó kúnná bí ìyẹ̀fun, àmọ́ bí ẹ bá fi eyín kàn án, ẹ ó gbọ́ kìrìkìrì rẹ̀. Amọ̀ ló kéré jù. Láti ìgbà Albert Atterberg, onímọ̀ kẹ́míkà ará Sweden tó ṣiṣẹ́ lórí amọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ni ó ti di ohun tí à ń lò pé hóró tí kò bá ju máíkírọ́ọ̀nù 2 lọ ni amọ̀. Bí a bá pín mìlímítà kan ṣoṣo sí ọ̀nà 1000, ìdá kan níbẹ̀ ni máíkírọ́ọ̀nù kan. Irun orí ènìyàn nípọn tó nǹkan bí 70. Hóró amọ̀ tó fẹ̀ jù pàápàá, márùndínlógójì rẹ̀ ni yóò tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kó tó fẹ̀ tó fọ́nrán irun kan.

Kí ló wá kan onílé nínú hóró tí kò rí? Ẹ mú búrẹ́dì Àgége kan. Bí ẹ bá fẹ́ fi bọ́tà pa ara rẹ̀ lódindi, ṣíbí díẹ̀ ti tó. Bí ẹ bá gé e sí wẹ́wẹ́, tí ẹ sì fẹ́ pa gbogbo ojú tí ẹ gé, ike bọ́tà kan lè má tó. Búrẹ́dì ò pọ̀ sí i, ojú rẹ̀ ló pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni amọ̀ ṣe rí pẹ̀lú omi. Ara hóró ni omi ń lẹ̀ mọ́, bí hóró bá sì ṣe ń kéré sí i ni ojú tí omi yóò lẹ̀ mọ́ ń pọ̀ sí i. Bí òjò bá rọ̀ sórí yanrìn, omi á gba àárín rẹ̀ kọjá, yanrìn á dúró bó ṣe wà. Bó bá rọ̀ sórí amọ̀, amọ̀ á fà á mọ́ra, á rọ̀, á máa yọ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, á gbẹ, á súnkì, á fa ohun tó bá wà lórí rẹ̀ ya. Kò sì dìgbà tí gbogbo yẹ̀pẹ̀ náà bá jẹ́ amọ̀. Bí amọ̀ bá ti tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, òun ni yóò máa darí ìyókù.

Ògì ni Màámi ń tà láti ìgbà tí a ti kó dé ẹ̀sìtéètì Jákàńdè, lára àwọn ilé tí ìjọba Gómìnà Lateef Jákàńdè kọ́ fún mẹ̀kúnnù láàárín 1979 sí 1983. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Bàámi ra ilẹ̀ kékeré nítòsí kánáàlì. Kí n tó mọ̀wé kà dáadáa ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ògì. Àgbàdo á wà nínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta, a ó fọ̀ ọ́, a ó gbé e lọ fún ẹlẹ́rọ, a ó sì fi aṣọ asẹ́ sẹ́ ẹ. Èèrí á kù sórí asẹ́, omi funfun á ṣàn sínú bàsíà. Màámi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bàsíà yẹn di ọjọ́ kejì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ògì á ti silẹ̀, omidùn á ti tòrò lórí rẹ̀. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí a ò lè da omi náà nù lálẹ́ ká lọ sùn. Ó ní, "Èyí tó kúnná jù ò tíì délẹ̀. Bí o bá dà á nù báyìí, ògì lò ń dà nù."

Gbogbo ohun tí à ń ṣe ní láàbù wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Asẹ́ làwa náà fi ń bẹ̀rẹ̀. A ní ajọ̀ onírin tí a ń tò léra wọn, ojú ti òkè fẹ̀, ojú ti ìsàlẹ̀ há. Èyí tó há jù nínú àwọn tí à ń lò lójoojúmọ́, ojú rẹ̀ jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 75, ó ju fọ́nrán irun lọ díẹ̀. Omi la fi ń fọ yẹ̀pẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Yanrìn á kù sókè. Ohun tó bá kọjá, sílìtì pẹ̀lú amọ̀ ni. Àmọ́ asẹ́ ò lè sọ èwo ni sílìtì, èwo ni amọ̀. Ta ni yóò hun wáyà tí ojú rẹ̀ á há débi tí yóò dá hóró máíkírọ́ọ̀nù 2 dúró? Bí wọ́n bá tilẹ̀ hun ún, amọ̀ á dí i pa. Níbi tí agbára asẹ́ pin sí ni a ti ń gbé iṣẹ́ fún omi.

Ní 1851, George Gabriel Stokes, ọmọ ilẹ̀ Ireland tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí bí afẹ́fẹ́ tàbí omi ṣe ń dí ohun tó ń fì síwá sẹ́yìn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹ̀pẹ̀ kọ́ ló gbé e dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ìṣirò rẹ̀ la ti mọ bí hóró kékeré ṣe ń yára tó bó ṣe ń rì nínú omi. Èyí tó tóbi ń yára, èyí tó kéré ń falẹ̀, ìyàtọ̀ náà kì í sì í ṣe kékeré. Bí fífẹ̀ hóró bá dín kù sí ìdajì, àkókò tí yóò fi rì á di ìlọ́po mẹ́rin. Bó bá dín sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, ó di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ká ní omi tí ooru rẹ̀ jẹ́ dígíríì 20 ni, kí hóró sì rì ní sẹ̀ǹtímítà 10 péré, nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́. Hóró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba asẹ́ 75 kọjá á dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú àáyá. Hóró máíkírọ́ọ̀nù 20 á gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Hóró 2, tí í ṣe ààlà amọ̀, á gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ. Hóró 1 á ju ọjọ́ kan lọ. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo! Láti ọjọ́ tí mo ti lóye ìyẹn ni n kò ti kánjú rárá nídìí sílíńdà.

Àkókò wá di ajọ̀ fún wa. Bí wákàtí mẹ́jọ bá kọjá, ohun tó bá ṣì wà lókè nínú omi, amọ̀ ni, kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Ohun tó kù ni bí a ó ṣe mọ iye rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fa omi díẹ̀ jáde láti ibi jíjìn kan pàtó, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà náà péye, wọ́n ṣì ń lò ó, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pọ̀. Ní 1927, George Bouyoucos, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì tó ń ṣiṣẹ́ ní Michigan ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà mìíràn jáde: kí á máa wọn bí omi náà ṣe wúwo tó. Omi tí amọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ wúwo ju omi lásán lọ, bí hóró bá sì ṣe ń délẹ̀ ni omi náà ń fúyẹ́. Háídírómítà ló fi ń wọ̀n ọ́n. Gíláàsì ni, ikùn rẹ̀ wú, ọrùn rẹ̀ gùn tín-ín-rín, nọ́ńbà wà lára ọrùn náà. Nínú omi tó wúwo, á yọrí sókè. Nínú omi tó fúyẹ́, á rì sísàlẹ̀. Àwọn tó ń ṣe bátìrì mọ́tò létí títì ní àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, òun ni wọ́n fi ń wọn omi ásíìdì.

Àárọ̀ ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo gbé agolo mílíìkì mi wọlé. Mo wọn gíráàmù 50 nínú yẹ̀pẹ̀ náà lẹ́yìn tó gbẹ, mo rẹ ẹ́ sínú omi kẹ́míkà kan di ọjọ́ kejì. Sodium hexametaphosphate lorúkọ kẹ́míkà náà, ó funfun bí iyọ̀. Ohun tó ń ṣe kò ṣàjèjì sí ará Èkó, nítorí gbogbo ilé ló mọ òdìkejì rẹ̀. Bí omi kànga bá rú, ṣebí álọ́ọ̀mù lẹ ń sọ sí i? Kì í pẹ́ tí ìdọ̀tí inú omi á fi máa so mọ́ra bí òwú, á wúwo, á rì, omi á tòrò. Hóró amọ̀ ní agbára iná mànàmáná kíún lára, òun ni wọ́n fi ń ti ara wọn sẹ́yìn nínú omi. Álọ́ọ̀mù á pa agbára yẹn, wọ́n á dìrọ̀ mọ́ra wọn. Kẹ́míkà tiwa ń fi kún agbára náà ni, kí hóró kọ̀ọ̀kan lè dá rìn. Bí a ò bá lò ó, ọ̀pọ̀ hóró amọ̀ á so pọ̀, wọ́n á rì kíá bí ẹni pé sílìtì ni wọ́n, a ó sì kọ̀wé fún onílé pé amọ̀ ò pọ̀ nínú yẹ̀pẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo fi ẹ̀rọ pò ó, mo dà á sínú sílíńdà gíláàsì oníwọ̀n lítà kan, mo bomi kún un dé ojú ilà. Mo fi rọ́bà dé ẹnu rẹ̀, mo ń dojú rẹ̀ délẹ̀, mo ń gbé e dúró, ọgbọ̀n ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Apá á máa roni, ṣùgbọ́n èèyàn ò gbọ́dọ̀ dúró láàárín. Bí mo ṣe gbé e kalẹ̀ ni mo tẹ aago. Omi náà pọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo rọra sọ háídírómítà kalẹ̀ sínú rẹ̀ bí ẹni ń gbé ọmọ tó ti sùn sórí ẹní, nítorí bí omi bá rú, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Nígbà tó pé ìṣẹ́jú méjì, mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ojú mi ṣe déédéé ojú omi. Omi máa ń gun ara gíláàsì díẹ̀. Nínú omi tó mọ́, ẹsẹ̀ ibi tó gùn dé là bá kà. Omi amọ̀ ò ṣeé rí inú rẹ̀, nítorí náà orí rẹ̀ là ń kà. 26 ni mo rí. Mo yọ ọ́, mo ṣàn án, mo sọ ọ́ sínú sílíńdà kejì tó jẹ́ omi àti kẹ́míkà nìkan, mo kà á bákan náà. 4. Kẹ́míkà ní ìwúwo tirẹ̀, a ò sì gbọ́dọ̀ kà á mọ́ yẹ̀pẹ̀. 26 yọ 4 ku 22. Gíráàmù 22 nínú 50 ló kéré débi pé kò tíì rìn jìnnà.

Mo tún kà á nígbà tó pé ìṣẹ́jú 5, ó pé 15, ó pé 30, ó pé wákàtí kan. Èyí tó kàn ni ìṣẹ́jú 250. Kó tó pé ni wọ́n mú iná lọ.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí á ní kí ni NEPA ní í ṣe pẹ̀lú omi tó wà lórí tábìlì. Ó ní í ṣe gan-an. Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá kú, yàrá á gbóná, omi á gbóná. Omi tó gbóná ń rọ̀ fún hóró láti gbà kọjá, bí òróró ṣe ń ṣàn wẹ́rẹ́ bó bá ti gbóná nínú agbada. Ní dígíríì 30, hóró amọ̀ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin yára ju bó ṣe ń yára ní dígíríì 20 lọ. Wákàtí mẹ́jọ tí wọ́n kọ sínú ìwé nílẹ̀ òtútù, ó lè dín sí nǹkan bíi mẹ́fà l'Ékòó tí kò síná. Nítorí náà, mi ò jẹ́ ka háídírómítà láì ka tẹmómítà, nọ́ńbà méjèèjì ni mò ń kọ sílẹ̀ papọ̀. Mo ti rí ìwé àbájáde tí ẹni tó ṣe é kọ 20 sí iwájú gbogbo ìlà, nínú oṣù Kẹta. Kò sí yàrá tó rí bẹ́ẹ̀ l'Ékòó láìsí iná. Inú mi bà jẹ́ nígbà tí mo rí i, nítorí ẹnì kan máa gbé ilé ka orí ìwé yẹn.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tó pé ìṣẹ́jú 1440, èyí tí í ṣe odidi ọjọ́ kan, mo padà síbẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti nípọn nísàlẹ̀ sílíńdà: yanrìn lábẹ́, ohun tó kúnná lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi náà ò tòrò. Ó ṣì pọ́n bí omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba osùn. Háídírómítà ka 19. Mo yọ 4, ó ku 15. Gíráàmù 15 nínú 50, ìyẹn ìdá 30 nínú 100, ló ṣì wà nínú omi lẹ́yìn ọjọ́ kan gbáko. Amọ̀ pọ́ńbélé. Ìlànà tí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ òde gbé jáde ní 1997 ní kí ohun tó bá gba asẹ́ 75 kọjá nínú yẹ̀pẹ̀ abẹ́ títì má ju ìdá 35 nínú 100 lọ. Nínú yẹ̀pẹ̀ wa, èyí tó kéré ju nǹkan bí máíkírọ́ọ̀nù 30 nìkan, ìyẹn gíráàmù 22 tí mo kà ní ìṣẹ́jú méjì, ti jẹ́ ìdá 44.

Báwo ló ṣe wá ń dún ṣàràṣàrà lọ́wọ́? Ìbéèrè yìí gba oorun lójú mi ju nọ́ńbà lọ. Nílẹ̀ wa, níbi tí òjò àti oòrùn ti ń fọ ilẹ̀ láti ayébáyé, irin máa ń ṣẹ́kù sínú yẹ̀pẹ̀. Òun ló ń sọ ọ́ di pupa. Irin yìí ń ṣe bí àtè, ó ń lẹ hóró amọ̀ pọ̀ títí wọ́n á fi tóbi tó hóró sílìtì, tàbí yanrìn gan-an. Bí ẹ bá bù ú ní gbígbẹ, yanrìn lọwọ́ yín á sọ pé ó jẹ́. Bí òjò bá wọ̀ ọ́, tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, tí ẹrù ń rin ín, àtè náà á jáwọ́, amọ̀ á jáde. Ní láàbù pàápàá, bí a bá ṣe ń gún irú yẹ̀pẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó, tí a sì ń pò ó tó, ni amọ̀ inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i tó. Láàbù méjì lè yẹ yẹ̀pẹ̀ kan náà wò kí nọ́ńbà wọn má bára mu, kí ó má sì sí èké nínú àwọn méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ìṣẹ́jú tí mo fi pò ó sínú ìwé mi, bí ẹni tó gbé iṣẹ́ wá ò bá tiẹ̀ bi mí. Nígbà tí mo rí èyí, ọkàn mi rọ̀ sí ẹni tó ta yẹ̀pẹ̀ fún wa. Ó ṣeé ṣe kóun náà gbà pé yanrìn lòun ń tà.

Ẹ̀rọ tuntun wà báyìí tó ń tan iná lésà sínú omi, tó sì ń sọ ìwọ̀n gbogbo hóró láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n hóró amọ̀ kì í ṣe róbótó, ó pẹlẹbẹ bí àwo, ìmọ́lẹ̀ sì sábà máa ń rí i bí ohun tó tóbi ju bí omi ṣe rí i lọ. Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà ọ̀kan sin nọ́ńbà èkejì.

Kì í kúkú ṣe pé amọ̀ burú. Bí kò bá sí amọ̀, àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Ìpetumodù ò ní rí nǹkan fi ṣiṣẹ́. Ọwọ́ àti eyín làwọn fi ń mọ amọ̀ tó dáa, ìmọ̀ wọn sì jinlẹ̀ fún ohun tí wọ́n fẹ́ lò ó fún. Ní 1962, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ méjì, Smyth àti Montgomery, gbé ìwé kan jáde ní Ìbàdàn lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, wọ́n sì fi orúkọ ìlú wa sọ ilẹ̀ lórúkọ: Ìwó, Oǹdó, Ẹgbẹ́dá, Àpòmù, Ìtagunmódì. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣì ń lo àwọn orúkọ náà di òní. Ilẹ̀ Àpòmù, yanrìn ló pọ̀ níbẹ̀. Omi kì í dúró. Ti Ìtagunmódì pọ́n, amọ̀ kún inú rẹ̀, ó máa ń tọ́jú omi de ẹ̀ẹ̀rùn, kòkó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìwà amọ̀ tó fọ́ kọnkéré Màámi, òun náà ló ń bọ́ igi kòkó lóko.

N kò lè sọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Òkè-Afá kí n má dé kánáàlì. Ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2002, ibi tí wọ́n kó bọ́ǹbù sí ní bárékè Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù. Ilé wa ń mì. Mo ń múra ìdánwò àṣekágbá sẹ́kọ́ńdìrì nígbà yẹn, Bàámi ní ká jókòó sílẹ̀, a jókòó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sáré jáde láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ, ọ̀pọ̀ wọn sì gba Òkè-Afá nínú òkùnkùn. Koríko ojú omi ti bo kánáàlì, ó tẹ́ rẹrẹ, ó jọ ilẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó kú nínú ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ yẹn lápapọ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé, kánáàlì wa ló sì gba èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Òkúta ìrántí wọn wà ní Òkè-Afá. Mo máa ń kọjá níwájú rẹ̀ bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, n kì í sì í kọjá kí n má dákẹ́.

Mo ti bu ẹrẹ̀ kánáàlì yẹn náà lọ sí láàbù. Dúdú ni, ewé àti ìdọ̀tí tó ti jẹrà pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kúrò kí a tó lè wọn hóró. Hydrogen peroxide la dà sí i, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ egbò ní ọsibítù, ó sì ń hó, ó ń yọ fóòmù kọjá ẹnu ife. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi hó kó tó dákẹ́. Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀, yanrìn rẹ̀ ò tó nǹkan. Sílìtì àti amọ̀ ni. Ìdí rẹ̀ ò ṣòro láti rí bí ẹ bá ti mọ ọ̀rọ̀ Stokes: omi tó ń sáré nínú gọ́tà gbé gbogbo hóró dání, kékeré àti ńlá. Ibi tó bá ti rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ló ti ń já yanrìn sílẹ̀. Bó bá dé kánáàlì, tí koríko àti ike omi àti ọ̀rá dí i lọ́nà, omi á dúró fẹ́rẹ̀ẹ́, èyí tó kúnná náà á rí àyè délẹ̀. Ọdọọdún ni kánáàlì ń ga sí i láti abẹ́. Bí wọ́n bá wá gbẹ́ ẹrẹ̀ náà, tí wọ́n kó o sí etí omi láì kó o lọ, òjò kan péré ti tó láti dá a padà, nítorí ohun tó kúnná báyẹn kì í wúwo fún omi láti gbé. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń gba iṣẹ́ kíkó ẹrẹ̀ mọ ìyẹn bí wọ́n ṣe mọ owó iṣẹ́ náà.

Ní ọdún tó kọjá la fọ́ kọnkéré Màámi. A kó yẹ̀pẹ̀ pupa náà kúrò ní ṣọ́bìrì ní ṣọ́bìrì, ó gba ọjọ́ mẹ́rin. Kí a tó ra òmíràn, mo ní kí onítípà tuntun fi ọ̀rá kan ránṣẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, mo sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe nílé láìní háídírómítà. Mo rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, mo fi ìka rún gbogbo hóró tó so pọ̀. Mo rọ ọ́ sínú ìgò ike tó mọ́ gaara, kó tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Mo fi ọṣẹ oníyẹ̀fun kíún sí i, tí yóò ṣe bíi kẹ́míkà láàbù dé ìwọ̀n tirẹ̀, mo bomi kún un, mo gbọ̀n ọ́n títí ọwọ́ fi ń ro mí, mo gbé e sí ojú fèrèsé. Ohun tó bá délẹ̀ kí èèyàn tó ka ọgọ́ta, yanrìn ni. Ohun tó bá délẹ̀ láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn náà, púpọ̀ rẹ̀ ni sílìtì. Èyí tó bá ṣì ń pa omi láró ní ọjọ́ kejì ni amọ̀. Kò tó láti fi kọ́ ilé alájà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìyẹn kó gbé yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ wá fún wa. Àmọ́ ká ní mo ṣe é ní 2019 ni, kì bá ti ná mi ju owó ìgò kan lọ.

N kò sọ ohun tí mò ń ṣe fún Màámi. Mo lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo dé nírọ̀lẹ́, ó wà ní ìdí bàsíà rẹ̀, ó ti gbé ìgò náà kúrò lójú fèrèsé, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògì, ó ń wo méjèèjì.

"Tìrẹ ti tòrò láti ọ̀sán," ó ní. "Sọ fún un kó máa gbé e bọ̀."